Ọ̀kẹ́ Méjì Olùgbọ́, Ààwẹ̀ Ọjọ́ Kan

Two pounds eighty-nine ni mo ra bátìrì mẹ́rin fún rédíò mi ní Rye Lane, ní London, láàárọ̀ Tuesday, 11 February 2025, ọjọ́ kan lásán bí ọjọ́ yòókù. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi nínú ọjà arcade, mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan kúrú. Rédíò Àlùbáríkà ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dáúdà Gbohùngbohùn tó ni rédíò náà, tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀ gan-an ló ń jáde nínú ẹ̀ lọ́wọ́, bá wọlé tòun ti agboòrùn tó ń ro omi.

DÁÚDÀ: Ìyá Yusrah, ẹ káàsán o. Ẹ kú iṣẹ́.

ÈMI: Dáúdà, dúró síbẹ̀ ná. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yìí?

DÁÚDÀ: Èmi ni, mà.

ÈMI: Ta ló wá ń da omi sí mi nílẹ̀?

DÁÚDÀ: Èmi náà ni.

ÈMI: Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ báyìí pé, "Live ni mo wà níbí o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Peckham Rye, mò ń rí yín látojú fèrèsé, oòrùn mú ganrínganrín."

Ó wo ìta. Òjò ń rọ̀ bíi pé wọ́n háyà ẹ̀ ni. Ó rọra fi agboòrùn pamọ́ sẹ́yìn.

DÁÚDÀ: July ni mo ti ká ìyẹn sílẹ̀. Computer ló ń gbé e jáde. Modern broadcasting nìyẹn, Ìyá Yusrah. Lóde òní, ẹni tó ń ṣe rédíò kì í sí nídìí rédíò mọ́.

ÈMI: Mo sì ti ń dá ọ lóhùn látàárọ̀. O ní ṣé ara mi le, mo ní ó le, a dúpẹ́.

DÁÚDÀ: Ẹ ṣeun, mà.

ÈMI: Ti July lo béèrè. Orúnkún ń pa mí kú lọ ní July.

Ó fa àga sún mọ́ mi. Ó yọ ìwé kan jáde nínú ọ̀rá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lára bí ẹni ń tu ọmọ tuntun nínú.

DÁÚDÀ: Ìyá Yusrah, ẹ gbà mí. Láísẹ́ńsì wa ń parí lópin oṣù yìí. Fọ́ọ̀mù tí a máa fi gba òmíì rèé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni deadline. Tí kò bá dé ọ́fíìsì wọn kí aago márùn-ún tó lù, ó parí. Àwọn kan ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba ààyè wa.

ÈMI: Àwọn wo?

DÁÚDÀ: Àwọn tó fẹ́ ṣe rédíò ajá.

ÈMI: Rédíò kí ni?

DÁÚDÀ: Ajá, mà. Wọ́n ní tí àwọn tó ni ajá bá ti lọ síbi iṣẹ́, ajá máa ń dá wà nílé, ó máa ń ronú. Wọ́n fẹ́ máa fi dùùrù sí i fún un látàárọ̀ dalẹ́.

ÈMI: Èmi náà máa ń dá wà nílé látìgbà tí Yusrah ti kó lọ sí Leeds. Mo máa ń ronú. Kò sẹ́ni tó fi dùùrù sí i fún mi.

DÁÚDÀ: Èmi ni mò ń kí yín láràárọ̀!

ÈMI: Ìyẹn ni mo ṣe ń ra bátìrì. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?

DÁÚDÀ: Question four, ìtàn rédíò wa. Question seven, iye àwọn olùgbọ́ wa. Question nine, kí olùgbọ́ kan fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Wọ́n ní ẹ máa ń kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ sínú ìwé. Ẹ bá mi kọ ọ́, mo gbàgbé jígí mi sílé. Ẹ sì rọra o, ẹyọ kan yìí ni mo ní, yíǹkì printer mi ti tán.

Mo fa páálí bísíkíìtì jáde lábẹ́ tábìlì. Ìwé mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀. Ó ya ẹnu, kò tètè pa á dé.

DÁÚDÀ: Gbogbo eléyìí, èmi ni? Ìyá Yusrah, ẹ mà fẹ́ràn mi o.

ÈMI: Má tan ara ẹ jẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni. Mi ò kàwé ní kékeré. Ìgbà tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan, tíṣà ní kí n máa kọ ohun tí mò ń rò sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo jókòó, mo rò ó, mi ò rí nǹkan kan tí mò ń rò. Ni mo bá ń kọ ohun tí ìwọ ń rò.

DÁÚDÀ: Ó dáa náà. Question four.

Ó dìde dúró. Ó mú ohùn rédíò wọ̀, èyí tó máa ń ti inú ikùn wá.

DÁÚDÀ: Ẹ kọ ọ́ pé, ní ọdún 2003, Rédíò Àlùbáríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ nínú studio ìgbàlódé kan.

ÈMI: Saturday, 14 June 2003. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

DÁÚDÀ: Studio kékeré, mà.

ÈMI: Mo kọ ọ́ síbí: "Dáúdà ní ká má bínú, ìyàwó òun fẹ́ mú ìgbálẹ̀." Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ò fi sí ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀ yẹn ketekete.

DÁÚDÀ: Ẹ má kọ ìgbálẹ̀.

ÈMI: Ní 2009 ó mú ìgbálẹ̀ yẹn, ó sì mú ara ẹ̀ náà kúrò ńlé ẹ. O sọ ìyẹn náà nínú rédíò. Ìwé kẹta.

DÁÚDÀ: Ẹ fò ó! Ẹ kọ ọ́ pé a gbé aerial ńlá kan sórí ilé alájà mẹ́rìnlá.

ÈMI: Hángà.

DÁÚDÀ: Aerial.

ÈMI: Hángà ni, Dáúdà. Wednesday, 9 July 2003, o bẹ gbogbo ayé nínú rédíò pé kí ẹni tó bá ní hángà onírin tó lágbára mú un wá. Èmi ni mo mú un wá. Mo bọ́ kóòtù mi tó dáa jù lára ẹ̀. Orí àga ni kóòtù yẹn wà di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

DÁÚDÀ: Ọlọ́run á fún yín ní hángà míì. Ẹ kọ ọ́ pé, ní 2006, a sinmi díẹ̀ láti tún ẹ̀rọ wa ṣe.

ÈMI: Ìjọba ló kó o. Láísẹ́ńsì ò sí nígbà yẹn, wọ́n gòkè, wọ́n kó ẹ̀rọ, wọ́n kó wáyà, wọ́n kó hángà mi. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mọ́kànlá.

DÁÚDÀ: Báwo lẹ ṣe mọ ọjọ́ mọ́kànlá? Kò sí rédíò nígbà yẹn.

Mo ṣí ìwé kejì hàn án. Kò sí jígí lójú ẹ̀, àmọ́ ó rí i.

DÁÚDÀ: Kí ni gbogbo "ṣùùùù" yìí?

ÈMI: Ohun tí rédíò ń sọ nìyẹn. Mò ń tàn án lójoojúmọ́ ní aago mẹ́jọ, mò ń kọ ohun tí mo bá gbọ́. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún. Wò ó, ọjọ́ yìí, "ṣùùùù, kẹ̀, ṣùùùù." Mo rò pé ìwọ lo wúkọ́. Inú mi dùn dalẹ́.

DÁÚDÀ: Ìyá Yusrah.

ÈMI: Fìríìjì ni.

Ó fi ọwọ́ ẹ̀wù nu ojú. Ó tún mú ohùn rédíò.

DÁÚDÀ: Ẹ jẹ́ ká lọ síwájú. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ń gbọ́ wa dé Canada. Ọkùnrin kan pè wá láti Winnipeg, live, lójú gbogbo ayé.

ÈMI: Sunday, 6 November 2011. Ó ṣì nọ́ńbà ni. Àbúrò ẹ̀ ló ń wá ní Woolwich.

DÁÚDÀ: Ó pè, àbí kò pè?

ÈMI: Ó pè. O dì í mú fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n lọ, káàdì mi ń tán." O ní kó kọ́kọ́ sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí.

DÁÚDÀ: Ó ní yìnyín ń bọ́. International news nìyẹn! Ẹ ti kọ ọ́?

ÈMI: Mo ti kọ ọ́. "Ẹnì kan ṣì nọ́ńbà láti Canada."

DÁÚDÀ: Ó dáa, Canada ṣáà ti wà níbẹ̀. Question seven. Àwọn mélòó ló ń gbọ́ wa? Ẹ kọ ọ́: forty thousand.

Mo dá bírò dúró.

ÈMI: Forty thousand èèyàn?

DÁÚDÀ: Ọ̀kẹ́ méjì gbáko. Peckham, Camberwell, Brixton, títí dé Thamesmead tí afẹ́fẹ́ bá dáa.

ÈMI: Gbogbo wọn ń gbọ́ ọ?

DÁÚDÀ: Lójoojúmọ́. Wọn kì í fo ọjọ́ kan.

Mo kọ ọ́ sínú àpótí question seven: 40,000. Mo fẹ́ ẹ kó gbẹ. Mo wá ṣí ìwé kọkànlá.

ÈMI: Ó dáa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní Sunday, 31 March 2024.

Nínú rédíò, ohùn ẹ̀ ti July rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

DÁÚDÀ: Ọjọ́ wo nìyẹn, mà?

ÈMI: Ọjọ́ kọkànlélógún ààwẹ̀. Ọjọ́ tí aago yí.

DÁÚDÀ: Ìyá Yusrah, deadline wa...

ÈMI: Lóru Saturday, gbogbo aago ní ìlú yìí sún síwájú ní wákàtí kan. Aago computer ẹ náà sún. Ṣùgbọ́n ìwọ ti tò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ oṣù pé kó pe ìrun Mọ̀ǹgàríbá ní six thirty-one. Ó pè é. Ìwọ náà bọ́ sórí ẹ̀rọ, o ní, "Ẹ jẹ, ẹ mu, Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn." Dáúdà, seven thirty-one loòrùn wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

DÁÚDÀ: Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìyẹn.

ÈMI: Forty thousand ò gbọ́?

Ó wo àpótí question seven, ó wò mí.

ÈMI: Èmi gbọ́. Oòrùn ń ràn mí lójú, mo ní láti fa kọ́tìnì kí n tó rí dàbínù tí mo fẹ́ fi ṣínu dáadáa.

DÁÚDÀ: Ẹ rí oòrùn, ẹ wá jẹun?

ÈMI: Mo rò pé oòrùn ló ṣì. Rédíò ò ṣì mí lọ́nà rí. Mo jẹ dàbínù mẹ́ta, mo mu omi, mo jẹ ìrẹsì. Mò ń bu ẹ̀ẹ̀kejì, oòrùn ṣì dúró lójú fèrèsé tó ń wò mí. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé, "Ìwọ náà, lọ sùn."

DÁÚDÀ: Ah.

ÈMI: Ó dáa. Forty thousand èèyàn jáwẹ̀ lẹ́nu ẹ. Gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Mélòó lo ti san?

DÁÚDÀ: San kí ni?

Mo fa kalikulétọ̀ sún mọ́ra, mò ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

ÈMI: Ọdún mọ́kàndínláàádọ́fà àti oṣù méje. Ìyẹn tí o bá ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún náà, wọn ò sì gbà wá láàyè láti gbà á lọ́jọ́ ọdún, nítorí náà ó máa lé díẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?

DÁÚDÀ: Fifty-four.

ÈMI: Wàá jẹun nígbà tó o bá pé one hundred and sixty-three.

DÁÚDÀ: Ẹ dúró ná, ẹ dúró! Kì í ṣe gbogbo wọn ni Mùsùlùmí. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì máa ń gbọ́ mi dáadáa. Ẹ yọ wọ́n. Ẹ yọ ìdajì.

Mo fa ìlà sórí forty thousand. Mo kọ 20,000.

ÈMI: Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án.

DÁÚDÀ: Ọmọdé ńkọ́? Aboyún ńkọ́? Àwọn tí ara wọn ò yá? Àwọn tó wà lójú ọ̀nà? Ààwẹ̀ ò di dandan fún wọn. Ẹ yọ gbogbo wọn!

ÈMI: Mélòó?

DÁÚDÀ: Ah, aboyún pọ̀ ní Peckham, mà. Ẹ yọ eleven thousand.

Mo fa ìlà. 9,000.

ÈMI: Ọdún mẹ́rìnlélógún àti oṣù mẹ́jọ.

DÁÚDÀ: Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, fóònù ló ń pe ìrun fún wọn. Wọn ò lè gbà mí gbọ́ láéláé. Ẹ yọ eight thousand.

ÈMI: Ó ku ẹgbẹ̀rún kan. O fẹ́ẹ̀ máa rí oúnjẹ.

DÁÚDÀ: Ẹgbẹ̀rún kan yẹn náà, ẹ gbọ́ mi. Ta ni ò ní wo fèrèsé kó tó jẹun? Ẹni tó bá ní làákàyè máa wo fèrèsé. Ẹ yọ gbogbo ẹni tó ní làákàyè.

ÈMI: Èmi wo fèrèsé. Mo tún jẹun.

DÁÚDÀ: Mo ní ẹni tó ní làákàyè, Ìyá Yus...

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mò ń kọ ọ́ lọ. Kò dùn mí, òótọ́ ni.

ÈMI: Àwọn tí ò ní làákàyè jẹ́ mélòó?

DÁÚDÀ: Ẹ fi méjìlá sílẹ̀.

ÈMI: Àwọn wo?

DÁÚDÀ: Àwọn mọ̀lẹ́bí mi. Àmọ́ tí a bá ní ká sọ òótọ́, àwọn mẹ́wàá nínú wọn kì í tàn án. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ètò yẹn dùn gan-an," lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

ÈMI: Ó ku méjì.

DÁÚDÀ: Ìkan ni Waris, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lójúde yìí. Sùn ló máa ń sùn bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi fúnra ẹ̀ pé ohùn mi ló ń mú òun sùn.

ÈMI: Ó ku ẹyọ kan.

Ó fò sókè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní kóòtù.

DÁÚDÀ: Ẹyọ kan! Alhamdulillahi! Ta ni?

ÈMI: Èmi.

DÁÚDÀ: Ẹ̀yin. Ó dáa, ẹ̀yin nìkan, mo lè san án. Ọjọ́ kan péré.

ÈMI: Mo ti san tèmi fúnra mi. Thursday, 18 April 2024.

DÁÚDÀ: A jẹ́ pé mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ààwẹ̀!

ÈMI: O ò jẹ ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Mo ti bi alfa wa. Ó ní oníkálukú ló máa san tiẹ̀ padà. Ẹni tó ṣi ìrun pè máa tọrọ àforíjì, ó tán.

Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

DÁÚDÀ: Ìgbà wo lẹ bi wọ́n?

ÈMI: Last year.

DÁÚDÀ: Kí ló dé tẹ́ ẹ wá jẹ́ kí n máa yọ àwọn olùgbọ́ mi dànù láti ìdajì wákàtí?

ÈMI: Mi ò yọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ ń sọ̀rọ̀, èmi ń kọ ọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti 2003.

Ó já fọ́ọ̀mù gbà, ó gbé e sún mọ́ imú. Nínú àpótí question seven, nọ́ńbà mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tí mo ti fa ìlà sí lórí. Ìkeje ni mo kọ gàdàgbà sábẹ́ gbogbo wọn: 1.

DÁÚDÀ: Pẹ̀lú bírò! Ìyá Yusrah, ẹ ti pa mí! Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ló ń gbọ́ rédíò mi, mo ní ẹyọ kan!

ÈMI: Mo fẹ́ fi "àti Canada" sí i.

DÁÚDÀ: Ẹ dá forty thousand mi padà!

ÈMI: Ọwọ́ èmi ló máa wà lábẹ́ ẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò gbọ́.

Ó jókòó gbì sórí ṣòkòtò oníbàárà. Kò mú ohùn rédíò mọ́. Ohùn tó kù kéré gan-an.

DÁÚDÀ: Ó parí. Láti March, ajá ló kù. Wọ́n á máa lu dùùrù fún ajá, níbi tí mo ti ń kí yín fún ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ lè ju àwọn ìwé yẹn nù, mà. Ta ló máa kà á?

Mo ṣí ìwé kọkànlá lẹ́yìn, níbi tí mo máa ń kọ orúkọ sí.

ÈMI: Àwọn tó pè ọ́ lórí fóònù lọ́dún tó kọjá rèé. Orúkọ wọn, àdúgbò wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n pè. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

DÁÚDÀ: Mélòó?

ÈMI: Eighty-three. Babátúnjí tó ń wa bọ́ọ̀sì, ó máa ń pè ní break. Ìyàwó ilé tuntun kan, Tẹniọlá, kò mọ ẹnì kankan ní Nunhead. Nasrullah, ọmọ yunifásítì, Yorùbá ẹ̀ dà bí ẹni gbé omi gbóná sẹ́nu: "Uncle, mi ò hear the last part of that àdúà, you get me?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló pè. Ìgbà tó máa fi di December, ó ti ń kí ọ pé "ẹ kú ètò."

DÁÚDÀ: Mo rántí ọmọ yẹn. Ẹ máa kà á lọ, mà. Bíntà wà níbẹ̀? Bíntà láti Brixton?

ÈMI: Ó wà níbẹ̀. A máa yọ ọ́.

DÁÚDÀ: Bíntà kẹ̀! Ẹ ò lè yọ Bíntà! Òun ni ọ̀gá gbogbo olùgbọ́ mi. Ohùn yẹn, bíi oyin. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò fo Friday kan.

Mo fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fún imú mi. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀.

ÈMI: "Ẹ kú ètò o, Ọ̀gá Gbohùngbohùn. Bíntà rèé láti Brixton."

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀. Kò sí.

DÁÚDÀ: Rárá o.

ÈMI: Fóònù ẹ ò dún lọ́jọ́ kan. O ní kí wọ́n pè, o dúró, o tún ní kí wọ́n pè. Àánú ẹ ṣe mí. Ojú wá tì mí láti máa pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan pẹ̀lú orúkọ kan náà.

DÁÚDÀ: Mo ti ra lọ́fínńdà tí mo fẹ́ fi lọ kí Bíntà.

ÈMI: Mo mọ̀. O sọ ọ́ nínú rédíò, Friday, 3 May. Mo pa fóònù, mo ní kí Bíntà tètè rin ìrìn àjò. Yọ Bíntà. Yọ Alhaja Old Kent Road, èmi ni. Yọ Ìyá Ìbejì láti Camberwell.

DÁÚDÀ: Ìyẹn náà?

ÈMI: Mo ti ń kí ọ fún àwọn ìbejì yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ wọ yunifásítì. Ó ku ọgọ́rin.

DÁÚDÀ: Ọgọ́rin ṣì dáa. Ọgọ́rin kì í ṣe kékeré.

ÈMI: Kóyọ̀dé láti Lewisham.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là ẹ̀ tò.

ÈMI: Gbogbo Monday ló máa ń pè láti sọ pé kò sí irú ẹ ní gbogbo London. Ó máa ń wúkọ́ bíi tìẹ.

DÁÚDÀ: Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é, mà.

ÈMI: Dáúdà.

DÁÚDÀ: Ẹ yọ Kóyọ̀dé.

ÈMI: Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Gbogbo wọn lórúkọ, gbogbo wọn lọ́jọ́. Ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sí. A máa so ìwé mọ́ ọn.

Mo fa ìlà sórí 1, mo kọ 79 sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, torí inú àpótí ti kún. Ó gbé ìka lé ibi tí olùgbọ́ máa fọwọ́ sí.

DÁÚDÀ: Ibí yìí, mà. Aago mẹ́ta ti kọjá.

ÈMI: Ó ku ẹnì kan tí kò tíì san.

DÁÚDÀ: Ẹ ní mi ò jẹ ẹnikẹ́ni!

ÈMI: O jẹ Ọlọ́run ní ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ tí aago yí yẹn, o gbàgbé láti pa màkirofóònù. Six thirty-six, mo kọ ọ́ síbí: "Dáúdà ní, móínmóín yìí mà lẹ́yin nínú o." Six thirty-nine: "Dáúdà ń wá ìkejì."

Ó sorí kọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

DÁÚDÀ: Mo gbọ́ tí rédíò pe ìrun. Mo gbà á gbọ́.

ÈMI: Rédíò ti ta ni?

DÁÚDÀ: Tèmi, mà.

ÈMI: Àwa méjèèjì la gbà ọ́ gbọ́. Èmi ti san tèmi. Ramadan míì ku ọjọ́ méjìdínlógún, wàá wọ inú ẹ̀ pẹ̀lú gbèsè? Wàá tún wá máa pe ìrun fún wa?

DÁÚDÀ: Thursday yìí. Mo ṣèlérí. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní three fifty-two, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì, bí tíṣà ṣe kọ́ mi. Ó sáré jáde, ó gbàgbé agboòrùn. Four forty-six ló pè mí pé wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù, pé ọmọbìnrin tó gbà á wo question seven títí, ó wá bi í pé ta ló ń tọ́jú irú ìwé báyìí. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n fún un ní láísẹ́ńsì ọdún mẹ́ta. Àwọn alájá rí ààyè sí ibòmíì.

Ṣùgbọ́n ti Thursday ni mo fẹ́ kọ síbí. Fóònù mi dún ní ìrọ̀lẹ́. Mò ń gbọ́ rédíò ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ìrun ń pè, ohùn ẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ jẹ, ẹ mu, Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn."

DÁÚDÀ: Ìyá Yusrah, dàbínù wà lọ́wọ́ mi. Rédíò ní kí n jẹun.

ÈMI: Jẹun, nígbà náà.

DÁÚDÀ: Mà, mo mọ ọkùnrin tó wà nínú rédíò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìta.

Mo bá a wò ó. Oòrùn ti wọ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan ni Dáúdà san padà, Thursday, 13 February 2025, ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí òun fúnra ẹ̀ ti ní kí gbogbo Peckham máa jẹun.